Kókó Irun Svila àti Atẹ́gùn Agbélékọjá

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹfà

Wọ́n gbé Àǹtí Desanka lọ sí ibùdó omi gbígbóná láàárọ̀ yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ́ egungun ìbàdí ní ìrìn padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní yóò lò. Èmi ni wọ́n fi sílé de ológbò.

Màmá mi ní iṣẹ́ kékeré ni. "Neša, ológbò lásán ni. Fún un lóúnjẹ, fún un lómi, kó o máa ya irun ẹ̀. Ó parí." Ìlú Niš ló wà tó ti ń sọ ọ́ lórí fóònù. Èmi ni mo wà nílé Àǹtí ní Pirot, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú èékánná.

Svila ni orúkọ ológbò náà. Ṣẹ́dà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rí Ṣẹ́dà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó já láti abẹ́ àga lọ sábẹ́ ibùsùn. Irun rẹ̀ gùn, ó sì ti ta kókó láti ọrùn dé ìdí, bí orí ọmọ dàdà tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ọwọ́ Àǹtí ti ń gbọ̀n láti ìgbà tí òjò dídì ti tán, kò lè di òòyà mú dáadáa mọ́. Kò sọ fún wa. Obìnrin tó fi ogójì ọdún hun ẹní kílíìmù kì í sọ fún èèyàn pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n.

Nebojša ni orúkọ tèmi, Neša ni ìkékúrú rẹ̀. Má-bẹ̀rù ni ìtumọ̀ tiẹ̀. Bàbá mi kò tíì mọ̀ mí nígbà tó sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹfà

Ooru ń hó bí omi. Àǹtí pè lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

"Ṣé o ti pa fèrèsé dé?"

"Mo ti pa á dé, mà."

"Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn?"

"Méjèèjì, mà."

"Ti ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ló máa ń gbà. Ìyàwó Toza aládùúgbò wa ṣí ti ilé ìwẹ̀, ó tún ṣí ti yàrá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré. Atẹ́gùn gba àárín ilé kọjá, ẹnu ẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí dòní."

"Mo ti pa gbogbo ẹ̀, Àǹtí."

"Káre. Báwo ni ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ ológbò ló ń béèrè. Mo ní ara rẹ̀ le. Ó béèrè bóyá mò ń ya irun rẹ̀. Mo wo òòyà tó wà lórí tábìlì, mo ní a ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀ níbìkan: iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ni mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ ilé tó sì ń jáde. Kò sí olùkọ́ kan tó ṣí fèrèsé rí. Nígbà tí àlejò kan láti Norway ṣí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gá wa tó ń kọ́ wa ní bí atẹ́gùn ṣe ń rìn fi ìwé bo ọrùn, ó sì jáde. Gbogbo wa tẹ̀ lé e.

Fáànù Àǹtí wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú páálí rẹ̀. Wọ́n fún un lọ́rẹ. Ó tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ìbọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Mo wọ ìbọ̀wọ́ tí Àǹtí fi ń gbé ata sísun kúrò lórí iná. Mo dojúbolẹ̀, mo na òòyà sábẹ́ ibùsùn. Òòyà lọ. Kò padà.

Mo fi ràkíjà, ọtí líle Àǹtí, fọ ojú ọgbẹ́ ọwọ́ mi. Mo mu èyí tó ṣẹ́kù nítorí àyà mi.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Keje

Dókítà Tijana, tó ń tọ́jú ẹranko, ló wá sílé, nítorí mi ò lè mú aláìsàn lọ bá a. Ó ju táwẹ́ẹ̀lì lé Svila lórí, ó wé e bí ẹni wé ẹran sínú ewé kábéèjì, ó gbé e lé tábìlì. Ó ya irun sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ kókó kan. Awọ ibẹ̀ pupa, ó sì ń ṣomi.

"Ṣé o rí i? Kókó yìí ń fa awọ. Gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń tu irun ẹ̀ ni. Ta ni irú ẹ̀ máa fẹ́ kó fọwọ́ kan òun?"

"Ẹ ò ṣe fá gbogbo ẹ̀, Dókítà?"

"Àfi kí n fún un lábẹ́rẹ́ oorun." Ó gbé irin tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e, ó sì tẹ́tí. Ó pẹ́. Mi ò fẹ́ràn kí dókítà máa gbọ́ nǹkan pẹ́. "Ọkàn ẹ̀ ń kùn. Ó ti dàgbà. Tí mo bá mú un sùn, ó lè má jí."

"Tá a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà ńkọ́?"

"Nínú ooru yìí? Eṣinṣin á bà sí ibi tó ń ṣomi yẹn, á yé sí i. Ìdin á máa jẹ ẹ́ láàyè. Mo ti rí irú ẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

Mo dijú. Ó ní kí n la ojú kí n wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó bu ìyẹ̀fun àgbàdo wọ́n kókó náà, ó fi ìka méjì di ìdí irun mú kí awọ má bàa fà, ó wá ń fi òòyà tuntun tó mú wá fún mi tú u láti ṣóńṣó, fínnífínní.

"Ṣóńṣó ni kó o ti máa bẹ̀rẹ̀, má ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti bínú, dáwọ́ dúró. Má sì fi síṣọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn: awọ ológbò ò nípọn ju bébà tí wọ́n fi ń wé sìgá lọ. Ṣé o ti tọ́jú ológbò rí?"

Mo ní rárá. Ó ní òun rí i bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì Àǹtí pè mí fúnra rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Àǹtí yín ò gbà kó dìde lórí ibùsùn fún ẹnikẹ́ni. Dókítà bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo wá ní, 'Ìyá, ológbò yín ń dúró dè yín nílé.' Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun ṣe ológbò yẹn o."

Mo ní mo ti gbọ́. Lẹ́yìn náà mo dojúbolẹ̀, mo wo abẹ́ ibùsùn bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Keje

Kókó kan kò tíì tú. Svila ń la ẹnu mí lábẹ́ ibùsùn. Tí mo bá gbé òòyà, ó ń dún bí epo tó ń gbóná. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí n lè gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí. Ó máa ń rí mi, á sì máa mí kíákíá sí i. A ń kó àìsàn ran ara wa.

Tòmátì ti wọ́n. Mo ra mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Keje

Wàrà jóná mọ́ mi lórí iná, mo sì ṣí fèrèsé ilé ìwẹ̀ díẹ̀ kí èéfín jáde. Mo lọ ra búrẹ́dì, mo gbàgbé. Nígbà tí mo dé tí mo ṣí ilẹ̀kùn, ẹnìkan ti ṣí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta pẹ̀lú. Atẹ́gùn agbélékọjá gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Kọ́tìnì wú. Mo dúró gbagidi, ọwọ́ kan lọ́rùn, ọwọ́ kan níbi kíndìnrín, búrẹ́dì wà nílẹ̀. Mo ń retí kí ẹnu mi wọ́.

Ìgbà náà ni Svila jáde. Kò sáré. Ó rìn wá sí àárín ilé, síbi tí atẹ́gùn ti le jù, ó na gbọọrọ sórí táìlì, ó di ojú.

Mo kọ́ṣẹ́ yìí o. Ẹni tó wọ kóòtù mẹ́ta nínú ooru, tí kò lè bọ́ wọn, kí ló máa wá? Ó yé mi pátápátá. Mo sì sáré pa fèrèsé dé kí ara mi tó gan. Svila padà sábẹ́ ibùsùn. Ó wò mí kó tó wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Keje

Mo ṣí wọn.

Mo kọ́kọ́ de bẹ́líìtì irun àgùntàn olóògbé ọkọ Àǹtí mọ́ ìbàdí, mo wé ìborùn ìgbà òtútù mọ́rùn, mo dé fìlà onírun, mo ki òwú bọ etí. Wọ́n ní ooru ìta ti di dígírì mẹ́rìndínlógójì. Mo jókòó sórí táìlì. Svila jáde, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀. Èmi àti òun wà láàárín atẹ́gùn, kálukú ń dúró de ikú tirẹ̀.

Mo wọ́n ìyẹ̀fun. Mo di ìdí irun mú. Ṣóńṣó. Ó gbé orí, ó wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo olè tó mọ̀. Mo dáwọ́ dúró. Ó gbé orí sílẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Òógùn ń dà sí mi lójú lábẹ́ fìlà, mi ò lè nù ún.

Ìdá kan nínú kókó kan tú. Mo pa gbogbo fèrèsé dé, mo lọ síwájú dígí, mo rẹ́rìn-ín láti wò ó bóyá ẹnu mi ṣì gún. Ó gún. Ẹ̀rín náà ni kò dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Keje

Àjọ̀dún Pétérù Mímọ́. Àwọn ọmọdé ń fi ògùṣọ̀ èèpo igi ṣeré nísàlẹ̀, wọ́n ń pariwo, Svila kò sá. Kókó kan tú délẹ̀délẹ̀, ó tó èso àsálà kan. Mo gbé e sórí tábìlì, mo jẹun ní iwájú rẹ̀ bí ẹni ń bá àlejò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Wọ́n ti rí wa.

Ilẹ̀kùn kan dún gbàù ní ìsàlẹ̀, mo sì gbọ́ sálúbàtà tó ń gòkè. Ìyá Ljubinka ni, tó ń gbé lábẹ́ wa, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú bọ́ọ̀sì. Kò kan ilẹ̀kùn. Irú wọn kì í kanlẹ̀kùn.

"Nebojša! Ilẹ̀kùn mi ṣàdédé gbá ara ẹ̀ tì! Kí lò ń ṣe lókè níb..." Ó rí kọ́tìnì tó ń fò. Ó di ọrùn ara rẹ̀ mú. "Yéè! Atẹ́gùn agbélékọjá!"

Svila ti wọ abẹ́ ibùsùn kó tó parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ káàsán wo? Ta ló kú tó o fẹ́ bá lọ? Fèrèsé méjèèjì, nínú ilé Desanka! Kí wá ni fìlà orí ẹ yẹn?"

"Ìṣọ́ra ni, mà. Ológbò ló fẹ́ atẹ́gùn."

"Ológbò ló fẹ́. Tí ológbò bá ní kó o bẹ́ sódò Nišava ńkọ́?"

"Màá wé ìborùn mọ́rùn kí n tó bẹ́, mà."

"Ó tún ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀! Gbọ́ mi, ọmọ yìí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo lò nínú bọ́ọ̀sì. Mo mọ àwọn tó máa ń ṣí fèrèsé. Mo lọ síbi ìsìnkú wọn." Ó gbá ti iwájú tì, ó gbá ti ẹ̀yìn tì, ó tún tẹ̀ wọ́n wò. "Ológbò tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀! Desanka gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ fún wọn."

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń wá nọ́ńbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù Keje

"Neša, ṣé òótọ́ ni?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Mò ń bọ̀ wálé lọ́la. Wọ́n á gbé mi sínú táksí."

"Ẹsẹ̀ yín ò tíì lè gbé yín, mà."

"Ẹsẹ̀ mi! Ò ń fi atẹ́gùn pa ọmọ mi, o ń bá mi sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀!" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò gbọ́ kí ohùn Àǹtí gbọ̀n rí, kódà níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. "Òun nìkan ló kù nínú ilé yẹn tó ń dúró dè mí. Ṣé o mọ̀?"

Nọ́ọ̀sì gba fóònù. Ó ní tí ìyá bá kúrò níbẹ̀ báyìí, orí àga onítáyà ló máa jókòó títí ayé. Mo ní kó dá fóònù padà fún wọn. Mo ní màá pa gbogbo ẹ̀ dé, mi ò ní ṣí i mọ́.

"Búra."

"Mo fi orí màmá mi búra."

"Orí àbúrò mi nìyẹn o."

"Mo mọ̀, mà."

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Keje

Gbogbo nǹkan wà ní pípadé. Svila kò jáde, kò jẹun. Ó ń lá ibì kan ní ikùn rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, mo ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì.

Eṣinṣin kan wà nínú ilé. Mi ò mọ ibi tó gbà wọlé. Mo lé e láti yàrá dé ilé ìdáná, ó padà wá bà sórí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́. Mo wo eṣinṣin, mo rí ìdin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù Keje

Mo to àwọn ẹ̀rù mi lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀rù kí ẹnu mi wọ́. Ẹ̀rù ìbúra, tó jù ú lọ. Ẹ̀rù Àǹtí, tó ju méjèèjì. Ẹ̀rù eṣinṣin yẹn bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Mo ṣí wọn padà. Mo fi àkísà há ẹnu ilẹ̀kùn Ìyá Ljubinka láti ìta kó má bàa dún. Mo ta kílíìmù ńlá Àǹtí sórí irin báíkóní bí ẹni ń sá a sóòrùn, kí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ má rí fèrèsé. Lẹ́yìn náà mo pe màmá mi, mo bi í bóyá orí ń fọ́ ọ.

"Rárá o. Kí ló dé?"

"Kò sí, mà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo tún pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òògùn wo ni mò ń mu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Keje

Ẹ̀yìn mọ́. Ìrù mọ́. Ikùn kù díẹ̀. Ẹnu mi ṣì gún. Àǹtí rin kọ́rídọ̀ kan já lónìí, nọ́ọ̀sì ní ó ń ka orúkọ ológbò bí ẹni ń ka àdúrà. Àǹtí fúnra rẹ̀ bi mí bóyá fèrèsé wà ní pípadé. Mo ní ó wà ní pípadé. Kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń wò nígbà tí mo sọ ọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní pípadé.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Keje

Mo ti nu táìlì kí n tó jókòó kọ èyí.

Ọjọ́ Màríà Oníná ni. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ní gbogbo àdúgbò, kí ẹni mímọ́ náà má bàa fi iná bá wọn jà. Wọn kì í gbé abẹ́rẹ́, wọn kì í gbé ohun mímú. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kókó kan wà ní ikùn tó le bí òkúta, òòyà kò ràn án, eṣinṣin méjì sì ti wà nínú ilé. Mo ní kí n kàn fi síṣọ́ọ̀sì gé ṣóńṣó rẹ̀ nìkan. Ṣóńṣó nìkan.

Svila ta. Síṣọ́ọ̀sì tẹ̀ síwájú. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí táìlì.

Igbe tó ké, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ẹranko. Ó fò lọ sí apá iwájú, síbi tí fèrèsé ti ṣí. Nígbà tí mo dìde, kò sí lórí àga, kò sí lábẹ́ ibùsùn, kò sí níbikíbi. Kọ́tìnì ń fò síta.

Àjà kẹta la wà.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ojú fèrèsé. Kílíìmù bo irin, mi ò rí ìsàlẹ̀. Mo gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí n wò ó, ojú mi kọ̀. Mo dijú, mo di irin mú, mo ń rò ó bí màá ṣe sọ ọ́: Àǹtí, ẹ jókòó ná. Àǹtí, ṣé nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀?

Ohùn kan jáde láti báíkóní ìsàlẹ̀.

"Nebojša! Kí lo ń wá lójú fèrèsé lọ́jọ́ Màríà Oníná?"

"Ìyá Ljubinka, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ológbò nílẹ̀?"

Mo gbọ́ tí sálúbàtà rẹ̀ rìn lọ sí etí irin. Ìgbà tó fi wo ìsàlẹ̀ ló gùn jù nínú gbogbo oṣù yìí.

"Mi ò rí nǹkan kan," ó ní. "Dúró, mo ń bọ̀."

Ó gòkè wá, ó rí ẹ̀jẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dun ún, ó ń wo abẹ́ nǹkan. Mo sáré lọ sísàlẹ̀, mo yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wo ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Nígbà tí mo padà, ó dúró láàárín yàrá, ó na ìka sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kí ló wà nínú páálí yẹn?"

"Fáànù, mà."

"Fáànù kì í kùn tí wọn ò bá tan iná sí i."

Mo gun àga. Svila wà nínú páálí, ó ká mọ́ fáànù, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo ki ọwọ́ sí i láyà. Ọkàn rẹ̀ ń sá, ó ń ṣìsẹ̀, ó tún ń sá. Èmi pẹ̀lú. Mi ò mọ èwo ni mò ń gbọ́ nínú méjèèjì.

Ìyá Ljubinka fi ọwọ́ méjèèjì gbà á sínú aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà kò gùn ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ya irun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí ìyókù: awọ pupa tó ń ṣomi lábẹ́ kókó òkúta náà.

"Jésù," ó ní. "Báyìí ló ṣe wà ní gbogbo ara?"

"Ó burú jù báyìí lọ tẹ́lẹ̀, mà. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án àfi nínú atẹ́gùn."

Ó wo ológbò. Ó wo fèrèsé. Ó wo ológbò.

"O ò sì sọ fún mi," ó ní. "Òmùgọ̀ ọmọ."

Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù Keje

Dókítà Tijana fi òògùn sí ojú ọgbẹ́. Ó ní kò jìn. Ó gba síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, ó fi sínú àpò rẹ̀, ó gbé e lọ.

Lẹ́yìn tó lọ, Ìyá Ljubinka gòkè. Ó wọ kóòtù òtútù, ó de ìborùn méjì, ó fi ọ̀rá bo orí lé e. Ó gbé àga síbi ẹnu ọ̀nà, ibi tí atẹ́gùn kò ti le púpọ̀, ó ní òun wá ṣọ́ ológbò kó má jáde.

"Ṣí i," ó ní, ó sì fi ọwọ́ ya àmì àgbélébùú sára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kẹjọ

Kókó òkúta ti tú. Ojú ọgbẹ́ ti ń gbẹ. Ó ku kókó kan ṣoṣo, lábẹ́ apá òsì, níbi tí awọ ti rọ̀ jù. Tí mo bá fọwọ́ sún mọ́ ibẹ̀, mo ń gbọ́ igbe ọjọ́ Màríà Oníná. Ìyá Ljubinka ní kí n gbìyànjú. Mo ní kí òun gbìyànjú. A jọ fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹjọ

Àǹtí dé.

A ti pa gbogbo fèrèsé dé kí táksí tó dúró. A ti ká kílíìmù. Ìyá Ljubinka jókòó sórí àga pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí. Àǹtí fi irin ìrìn rẹ̀ wọlé, ó ń gbé e, ó ń gbé ẹsẹ̀, ó ń gbé e. Kò kí ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Svila."

Ológbò jáde láti abẹ́ ibùsùn. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbóòórùn irin náà, ó fi orí gbá a. A gbé Àǹtí jókòó sórí àga kékeré, Svila sì fò lé e lẹ́sẹ̀. Àǹtí na ọwọ́ gbígbọ̀n rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó gba ìrù, ó gba ikùn. Ibì kan gùn, ibì kan kúrú, ibì kan pá. Ọwọ́ rẹ̀ dé abẹ́ apá òsì, ó dúró.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí, mà."

"Gbé òòyà wá."

Mo gbé e wá. Ó fọwọ́ kan kókó náà. Svila yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Kò sá wọ abẹ́ ibùsùn. Ó rìn lọ síbi fèrèsé tó wà ní pípadé, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń la ẹnu mí.

Àǹtí wò ó. Ó yí ojú sí Ìyá Ljubinka. Ìyá Ljubinka ń wo àjà ilé. Ó yí ojú sí mi. Mo di èrò ìsà òkú.

"Neša."

"Mà."

"O ò pa wọ́n dé."

"Mi ò pa wọ́n dé, mà."

"O fi orí àbúrò mi búra."

"Mò ń pè wọ́n lójoojúmọ́, mà. Orí kò fọ́ wọn."

Ìyá Ljubinka wúkọ́. "Desanka, èmi náà ti jókòó nínú ẹ̀. Wo ẹnu mi. Ṣé ó wọ́?"

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́ ni ẹnu ẹ ti wọ́," Àǹtí ní. Ó padà wo ológbò. Ó pẹ́. "Bá mi mú ìborùn mi wá. Èyí tó nípọn."

Mo mú un wá.

"Ṣí i."

"Èwo nínú méjèèjì, mà?"

"Ṣé ọ̀kan ń ṣe atẹ́gùn ni? Ìwé wo ni wọ́n fún ẹ nílé-ẹ̀kọ́ yẹn?"

Mo ṣí ti iwájú, mo ṣí ti ẹ̀yìn. Atẹ́gùn wọlé. Àǹtí dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́, ó di ọwọ́ Ìyá Ljubinka mú. Svila padà wá, ó na gbọọrọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé apá òsì sókè fúnra rẹ̀. Mo bá wọn di ìdí irun mú. Ìka Àǹtí ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tó kan kókó, ó dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ti mọ okùn yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣóńṣó. Ṣóńṣó. Kò sẹ́ni tó mí, àfi ológbò.

Ó tú.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Kẹjọ

Mo jí, ọrùn mi kò yí mọ́. Ó ti gan pátápátá.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Àǹtí bi mí ìdí tí mo fi kọjú sí apá ọ̀tún láti àárọ̀, mo ní Svila ni mò ń wò. Svila wà lápá òsì, láàárín fèrèsé méjèèjì, ó ń sùn.